Omi Gbé Ilé Lọ. Ta Ló Gbé Pápá Ọmọdé Lọ?

Àwọn tó bá ń bá mi bọ̀ lójú ewé yìí mọ̀ pé ìwé, eré orí ìtàgé àti sinimá ni mo sábà máa ń yẹ̀ wò. Mo máa ń sọ èyí tó dára, mo máa ń sọ èyí tí kò dára, ẹnu mi yìí sì ti ba àárín èmi àti òǹkọ̀wé bíi mélòó kan jẹ́. Lóṣù yìí, ẹ jẹ́ kí n fi ìwé sílẹ̀ ná. Ohun tí mo fẹ́ gbé sórí ìwọ̀n ni ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré, pàápàá jù lọ ibi ìṣeré tí wọ́n tún kọ́ lẹ́yìn tí omíyalé tàbí ìmìtìtì ilẹ̀ bá ti ba ìlú jẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí kì í ṣe iṣẹ́ lámèyítọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe sùúrù. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni ibi ìṣeré. Ẹnì kan ló ronú rẹ̀, ẹnì kan ló sanwó rẹ̀, ẹlòmíràn ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ìbéèrè tí a ń bi ìwé náà ni a lè bi í: ta ni ó ṣe é, ta ni wọ́n ṣe é fún, ṣé ó sì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an?

Kí ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí? Ìpàdé onílé ni. Ní àdúgbò wa níbí n'Ìbàdàn, ilẹ̀ kan wà létí odò kékeré kan. Ilé 3 ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Omi ọdún 2011 wó ọ̀kan, ìjọba sì wó méjì tó kù nígbà tí wọ́n ní kí ilé kúrò létí odò. Láti ìgbà náà, àwọn ọmọ ló jogún ilẹ̀ náà. Wọ́n ri táyà mọ́tò mọ́lẹ̀ ní ìdajì, wọ́n ń fò ó. Wọ́n so okùn mọ́ igi máńgòrò, wọ́n fi ṣe jáńgílófà. Òkúta méjì níhìn-ín, òkúta méjì lọ́hùn-ún, pápá bọ́ọ̀lù dé.

Ní ìpàdé tí a ṣe kẹ́yìn, alága wa (ẹni iyì ni, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú u) mú àbá wá pé kí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù 8 síbẹ̀. Owó tí a bá ń rí gbà la óò máa fi san owó ọdẹ, a óò sì fi tún tiransifọ́mà wa ṣe. Gbogbo wa mi orí. Ìyá kan tó ń ta àkàrà lẹ́bàá títì, tí kì í sábà sọ̀rọ̀ nípàdé, na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Alága, àwọn ọmọ tó ń ṣeré níbẹ̀ ńkọ́?" Ẹnì kan dá a lóhùn láti ẹ̀yìn pé, "Ìyá Alákàrà, ṣé eré ni wọn yóò jẹ bí ebi bá ń pa wọ́n?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo délé, ẹ̀rín náà korò lẹ́nu mi. Ìdí tó fi korò, ẹ óò gbọ́ ọ kí n tó parí ọ̀rọ̀.

Ọdún tí Ògùnpa yalé ni wọ́n bí mi. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1980. Òjò rọ̀ fún wákàtí bíi 10, odò Ògùnpa sì kún kọjá ààlà. Ó lé ní 200 òkú tí wọ́n rí gbé jáde. Kì í ṣe pé odò yìí kò kìlọ̀ o. Ó ti yalé ní 1963, ó tún yalé ní 1978. Ṣùgbọ́n a kọ́lé sí ẹsẹ̀ rẹ̀, a da ilẹ̀ sí i lọ́nà ọ̀fun, nígbà tí ó wá fẹ́ pòfóló, kò rí ọ̀nà gbà mọ́, ojúlé ojúlé ló bá wọ̀.

Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà lọ́jọ́ náà, nítorí náà n kò rántí nǹkan kan. Ìyá mi ló ń sọ fún mi. Kì í sọ púpọ̀ nípa òkú. Ohun tó máa ń sọ ni pé lẹ́yìn tí omi lọ tán, ìdákẹ́jẹ́ wà. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sí ìyá tó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ ṣeré. Òṣùpá yọ, kò sí ẹni tó ṣe bojúbojú. Agbo ilé tó máa ń dún bí ọjà wá dákẹ́ bí ilé òkú. Ó ní ìgbà tí òun kọ́kọ́ gbọ́ igbe ọmọ tó ń sá eré kiri lẹ́yìn ilé, ni òun tó mọ̀ pé àwọn yóò tún gbé níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Òun ni òṣùwọ̀n tí mo fẹ́ fi wọn gbogbo ohun tó kù.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni Ọgbà Agodi. Ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọgbà igi àti ọgbà ẹranko ni. Odò Ògùnpa gba ibẹ̀ kọjá, nígbà tí ọdún 1980 sì dé, omi náà bà á jẹ́. Ìgbà wo ni wọ́n tó tún un ṣe? Ìgbà ìjọba olóògbé Gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bi ni, wọ́n sì tún un ṣí ní ọdún 2014.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀tọ́ fún ẹlẹ́tọ̀ọ́. Ọgbà náà dára. Igi ńlá ńlá wà níbẹ̀, òjìji wọn sì tutù. Ẹranko wà fún wíwò, omi wà fún lílúwẹ̀ẹ́, ibi ìṣeré wà fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ohun tó wú mi lórí jù ni adágún omi tó wà nínú rẹ̀. Odò tó ba ọgbà jẹ́ nígbà kan náà ni ọmọ ènìyàn wá jókòó létí rẹ̀ tó ń jẹ gúgúrú. Wọn kò sin odò náà mọ́ abẹ́ kànkéré, wọn kò sì ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ọmọ tó bá ń wo omi náà lè bi bàbá rẹ̀ pé, "Ṣé èyí ni Ògùnpa?" kí bàbá rẹ̀ sì sọ ìtàn. Iṣẹ́ tó bá lè fa irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu ọmọdé, iṣẹ́ gidi ni.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ méjì. Èkíní ni ti àkókò. Láti 1980 dé 2014, ọdún 34 ni. Ọmọ tó jẹ́ ẹni ọdún 6 nígbà tí omi gbé jáńgílófà rẹ̀ lọ ti di ẹni 40 ọdún kí wọ́n tó tún un so fún un. Irun funfun ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lágbọ̀n rẹ̀. Òótọ́ ni pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń tún un kọ́, níbo ni ọba ń sùn?

Ẹjọ́ kejì ni ti ẹnu ọ̀nà. Owó ni wọ́n fi ń wọlé. N kò bá àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ wí, nítorí ẹranko ń jẹun, igi ń fẹ́ ìtọ́jú, òṣìṣẹ́ ń gba owó oṣù. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ti ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin láti Bẹẹrẹ tàbí Agbókojò. Owó mọ́tò àlọ, owó mọ́tò àbọ̀, owó ẹnu ọ̀nà, owó ohun tí ọmọ máa sunkún pé òun fẹ́ jẹ. Irú ìyá bẹ́ẹ̀, bóyá ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì ló lè kó wọn débẹ̀. Ibi tí ọmọ ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ibi ìgbafẹ́ ni. Ó dára, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ibi ìṣeré ni ibi tí ọmọ lè sáré lọ kí ìyá rẹ̀ tó ro ọkà tán, tí ìyá náà yóò sì pè é láti ojú fèrèsé tí yóò gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká rìn jìnnà díẹ̀. Nílẹ̀ Japan, ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, ọdún 2011, ilẹ̀ mì tìtì lábẹ́ òkun, òkun sì ru sókè, ó bo àwọn ìlú etí òkun. Ó lé ní 15,000 ènìyàn tó kú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé kò nílé mọ́, wọ́n sì nílò ibi tí wọn yóò kọ́ ilé fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ sí fún wọn. Níbo ni ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó ga kúrò lọ́dọ̀ omi, tí kì í ṣe ti ẹnì kan, wà? Pápá ìṣeré ilé-ìwé ni. Orí pápá náà ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ọ̀hún sí, ó sì di ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó kó wọn kúrò.

Ta ló lè dá wọn lẹ́bi? Ènìyàn gbọ́dọ̀ sùn kó tó ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níbẹ̀: bí àjálù bá dé, ilẹ̀ ọmọdé la kọ́kọ́ máa ń gbà, òun náà la sì máa ń dá padà kẹ́yìn. Kò sí ibi tí èyí kò ti rí bẹ́ẹ̀. Ní tiwa níbí, bí omi bá lé ènìyàn jáde nílé, ilé-ìwé ni a ń kó wọn sí. Bí ilẹ̀ bá ṣófo, ṣọ́ọ̀bù ni a fẹ́ kọ́ sí i. Nítorí kí ni? Nítorí ọmọdé kò ní ìwé ilẹ̀, kì í sì í wá sípàdé onílé.

Nílẹ̀ Japan náà, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Koriyama, ní agbègbè Fukushima. Òkun kò dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ iná átọ́míìkì tí òkun bà jẹ́ tú ìtànṣán olóró sínú afẹ́fẹ́, àwọn òbí sì ń bẹ̀rù láti jẹ́ kí ọmọ jáde. Ọmọ di ẹni tí ń jókòó sílé látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Dókítà ọmọdé kan, Shintaro Kikuchi, wà lára àwọn tó dìde sí ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011 kan náà, wọ́n ṣí ilé ìṣeré ńlá kan tí wọ́n ń pè ní PEP Kids Koriyama. Abẹ́ òrùlé ni gbogbo rẹ̀ wà: ibi tí wọ́n ti ń sáré, ibi tí wọ́n ti ń fò, àti yanrìn. Yanrìn kẹ̀! Wọ́n kó yanrìn wọ inú ilé fún ọmọ láti fi ṣe àkàrà àti ilé.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ju bí mo ti lè sọ lọ. Oṣù 9 péré lẹ́yìn àjálù ni ó ṣí. Àwọn tó ṣe é kò kọ́kọ́ bèèrè pé kí ni yóò rẹwà lójú àlejò, ohun tí wọ́n bèèrè ni pé kí ni ọmọ kò rí mọ́. Yanrìn ni ọmọ kò rí mọ́, yanrìn ni wọ́n fún un. Bí mo bá ní láti rí àléébù níbẹ̀, òun ni pé ọmọ tó ń ṣeré lábẹ́ òrùlé kì í rí ejò-ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, kì í sì í rí òòrùn. Ṣùgbọ́n àwọn náà mọ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ń fi ọ̀pá rìn, kò sọ pé ọ̀pá dára ju ẹsẹ̀ lọ.

Ibì kẹta ni Christchurch, nílẹ̀ New Zealand. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kejì, ọdún 2011, ilẹ̀ mì níbẹ̀, ènìyàn 185 sì kú. Àárín ìlú di àwókù. Nígbà tí wọ́n ń tún ìlú náà tò, wọ́n pinnu láti kọ́ ibi ìṣeré ńlá kan sí àárín gbùngbùn rẹ̀, nítòsí odò Avon, wọ́n sì fi orúkọ obìnrin òǹkọ̀wé ọmọdé kan, Margaret Mahy, tó kú ní 2012, sọ ọ́. Kí wọ́n tó yà á sórí pépà, wọ́n pe àwọn ọmọ ilé-ìwé láti wá fi àwòrán sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Ọjọ́ 22, oṣù Kejìlá, ọdún 2015 ni wọ́n ṣí i. Ibi gíga wà tí ọmọ ti ń yọ̀ tẹ̀rẹ́ wálẹ̀, okùn wà tí wọ́n ń gùn bí aláǹtakùn, omi wà tí ń tú láti ilẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kò ní olùgbowó, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ayé.

Níbí ni mo ti bọ́ fìlà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ọwọ́ àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ibi ìṣeré tí kò bi ọmọdé léèrè dà bí aránṣọ tó ń rán agbádá fún ẹni tí kò wọ̀n. Wọ́n bi àwọn ọmọ, ó sì hàn nínú iṣẹ́ náà.

Síbẹ̀, n kò ní ṣàì sọ tẹnu mi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 5 kí ó tó ṣí. Àárín ìlú ló sì wà, bẹ́ẹ̀ apá ìlà-oòrùn ìlú wà lára ibi tí àjálù náà ti dun àwọn ènìyàn jù. Ìjọba ra ilé bí 8,000 lọ́wọ́ àwọn onílé nítorí pé ilẹ̀ abẹ́ wọn kò ṣeé gbé mọ́, púpọ̀ nínú wọn sì wà lápá ìlà-oòrùn yìí, létí odò Avon. Ọmọ ibẹ̀ tí ó bá fẹ́ lọ gun okùn aláǹtakùn, àfi kí wọ́n fi mọ́tò gbé e. Nígbà tí a bá kó gbogbo ẹwà jọ sójú kan, àlejò a yìn wá, oníròyìn a ya fọ́tò, ṣùgbọ́n ọmọ tó wà lẹ́yìn odi a máa wo ogiri.

Ìdí nìyí tí ohun tí ó mú inú mi dùn jù ní Christchurch kì í ṣe ibi ìṣeré olówó iyebíye yẹn. Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Gap Filler, àwọn tó ń wá ilẹ̀ tí ilé ti wó lórí rẹ̀ láti fi ṣe nǹkan ayọ̀ fúngbà díẹ̀. Ní 2012, wọ́n mú ẹ̀rọ ìfọṣọ àtijọ́ kan, irú èyí tí a ń sọ owó ẹyọ sí nínú kó tó ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle ijó kan ní gbangba. Bí o bá sọ dọ́là 2 sínú rẹ̀, tí o sì so ẹ̀rọ orin rẹ mọ́ ọn, gbohùngbohùn á dún, iná á tàn, ìwọ àti ẹbí rẹ á jó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Dance-O-Mat ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Charles tó di ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí jó níbẹ̀ ní ọdún náà, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọ ọba. Ẹ̀rọ ìfọṣọ o! Kò gbé ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò dúró de gómìnà kó wá gé rìbọ́nì. Àléébù rẹ̀ ni pé ó gba owó, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní dọ́là 2 lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó sì jó sí orin ẹlòmíràn, nítorí kò sí ọgbà yí i ká.

Ẹ wò ó bí ó ti rí o. Iṣẹ́ mẹ́rin ni mo gbé yẹ̀ wò: Agodi, Koriyama, ibi ìṣeré Margaret Mahy, àti ẹ̀rọ ìfọṣọ oníjó. Bí ẹ bá bi mí pé èwo ló tóbi jù, tó sì rẹwà jù, ẹ̀yin náà mọ ìdáhùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi òṣùwọ̀n ìyá mi wọ̀n wọ́n, igbe ọmọ tó ń sáré lẹ́yìn ilé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èyí tó yá, tó sì súnmọ́lé ló gba ipò kìíní. Ẹwà lè tẹ̀ lé e bí owó bá dé.

Àwọn kan yóò ní eré ni eré ń jẹ́, pé ìjọba tó ń wá owó afárá kò ráyè jáńgílófà. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìdí tí ẹ̀rín mi fi korò.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, òjò mìíràn tún dé bá Ìbàdàn. Ó lé ní 100 ènìyàn tó kú, afárá já lọ́tùn-ún lósì. Mo ti ń kọ ìròyìn nígbà náà. Mo wọ bàtà rọ́bà, mo mú bírò, mo lọ. Mo ka òkú, mo ka afárá, mo gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu kánsílọ̀ àti lẹ́nu ọlọ́pàá. Ní àdúgbò kan, ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún 9 lọ ń tẹ̀ lé mi kiri. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ máa kọ ti bọ́ọ̀lù wa náà? Omi gbé e lọ." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìwọ lọ jókòó ọ̀hún jàre, ènìyàn ló ń kú." Ó lọ jókòó. N kò kọ ti bọ́ọ̀lù.

Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà mo padà sí àdúgbò yẹn. Mo bá àwọn ọmọ níbi tí wọ́n ti ń ṣe eré kan tí n kò rí rí. Ọ̀kan nínú wọn ń ṣe omi. Àwọn tó kù ń ṣe ilé, wọ́n dúró gbagidi, wọ́n di ara wọn mú. Omi á sáré wá, á fa ẹnì kan lọ, ẹni náà á ṣubú, á sì dìde, òun náà á di omi. Ara mi bù máṣọ. Mo fẹ́ lé wọn. Ìyá àgbà kan tó jókòó níbẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà dá mi lẹ́kun. Ó ní, "Ọmọ mi, fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn tí kò lè sunkún ni. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ sọ ọ́ jáde ni."

Orí àwókù ilé ni wọ́n ti ń ṣe eré náà, láàárín ìṣó àti gíláàsì fífọ́, nítorí kò sí ibòmíràn. N kò kọ ìyẹn náà. Ohun tí mo kọ lọ́jọ́ náà ni iye àpò siméńtì tí wọ́n fi ń tún afárá ṣe.

Òfin sọ̀rọ̀ lórí eré. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, ti ọdún 1989, sọ ọ́ ní ẹsẹ̀ 31 pé ọmọdé ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àti eré. Nàìjíríà náà fi irú rẹ̀ sínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí a ṣe ní 2003. Ṣùgbọ́n òfin kò lè jókòó sípàdé onílé. Ẹnu wa ni yóò bá a jókòó.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n padà sórí ilẹ̀ etí odò wa. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó fẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Òkùnkùn kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni, ọdẹ tí a kò bá sanwó fún kò ní ṣọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àgbà, ẹ rántí ohun tó mú kí ilẹ̀ náà ṣófo. Ní 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó 200 mílíọ̀nù dọ́là ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti yá wa nítorí ọ̀rọ̀ omíyalé Ìbàdàn nìkan. Gbèsè ni. Ṣé a óò wá yá owó láti ṣí ọ̀nà fún omi lápá kan, kí a sì fi búlọ́ọ̀kù dí i lápá kejì? Bí omi bá tún dé, tó bá ṣọ́ọ̀bù 8 níwájú, yóò wó wọn, àwókù wọn yóò sì dí afárá tó wà nísàlẹ̀. Bí ó bá bá pápá lásán, yóò tẹ́ sórí rẹ̀, yóò sinmi, yóò sì máa lọ. Kí ni yóò bàjẹ́? Táyà mélòó kan. Pápá nìkan ni ohun tí ènìyàn lè fi sétí odò tí omi kò ní jẹ wá ní gbèsè rẹ̀.

N kò sọ pé kí ọmọ wà níbẹ̀ nígbà òjò o. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, kí olúkúlùkù pe ọmọ rẹ̀ wọlé. Kí a ṣe igi ìdábùú sí etí odò gan-an. Kí a ṣa gíláàsì, kí a má sì da ilẹ̀ síbẹ̀ mọ́. Lápá títì, níbi tí ilẹ̀ ti ga, tí omi 2011 kò dé, bí wọ́n bá rí ààyè ṣọ́ọ̀bù 2, kí wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀ fún owó ọdẹ. Èyí tó kù, ẹ jẹ́ kó wà bí ó ti wà. Kò sí ayàwòrán-ilé tí a nílò. Àwọn tó ri táyà wọ̀nyẹn mọ́lẹ̀ ti ya àwòrán rẹ̀ tán.

Bí mo bá ní láti fún iṣẹ́ àwọn ọmọ náà ní máàkì bí mo ti ń fún ìwé, èyí ni ẹjọ́ mi: òkúta gôòlù apá òsì súnmọ́ odò jù, okùn jáńgílófà ti fẹ́ já, ó yẹ kí àgbàlagbà kan pààrọ̀ rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó ti yá, ó súnmọ́lé, kò gba owó, àwọn tí wọ́n ṣe é fún náà ni ó ṣe é. Nínú gbogbo ohun tí mo yẹ̀ wò lóṣù yìí, n kò rí èyí tó ní gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀.

Àwọn onílé yóò tún pàdé ní ìparí oṣù yìí. N kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò fì sí. Àwọn tó fẹ́ ṣọ́ọ̀bù pọ̀ jù wá lọ, àwa tó fẹ́ pápá ò tíì ju méjì lọ, èmi àti Ìyá Alákàrà. Mo ti ra okùn tuntun, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Bí wọ́n bá ní kí n dìde sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kan tí omi gbé lọ ní 2011 ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́ báyìí.